Ta Ló Ni Ìbàdí Màmá?

Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi ṣubú nílé ìwẹ̀, ọmọ mẹ́rin ló ní láyé, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ni ibi tó fi balẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ta kókó, ẹ jẹ́ kí n tú u. Aránṣọ ni Màmá. Máṣìnì onífẹsẹ̀tẹ̀ ló fi tọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, títí di òní ló sì ń jókòó sídìí rẹ̀. Èmi jẹ́ ìyàwó ilé wọn. N kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èrè tí mo sì rí nínú ìyẹn ni pé orúkọ tó bá wù mí ni mo ń sọ wọ́n. Àkọ́bí ni Alága, torí pé bí iná bá ń jó ilé, ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yàn kó tó wá omi. Èyí tó tẹ̀lé e ni Adójútòfò, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn: ó ń ta káàdì ìlera kiri fún ilé iṣẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè ta agbòjò fún ẹja. Ẹ̀kẹta ni Àǹtí Onírin, tó ń ta irin àti sìmẹ́ńtì, tó sì gbà pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kò ní ẹ̀dínwó. Àbígbẹ̀yìn ni ọkọ mi. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò kí yín pẹ̀lẹ́.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ilé ọkọ mi, ìka kọ̀ọ̀kan ló ní àyà tirẹ̀ tó ń sọ. Bí inú Màmá bá run, Alága á ní òun ló sanwó ojú nígbà kan, kí ẹlòmíì bọ́ síwájú. Bí ọrùn bá dùn ún, Àǹtí á ní òun ń retí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì. Ìjà yìí sú Alága, ó pè wá jọ sí yàrá tí Màmá ti ń ránṣọ, ó ní àtúntò ti dé.

Ère kan wà ní yàrá náà, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń gbé aṣọ wọ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe bọ́ sí. Ère àtijọ́ ni, ti bùláòsì. Kò lórí, kò lápá. Àyà ni, inú ni, ẹ̀yìn ni, ó sì parí síbi ìgbànú, níbi tí wọ́n ti kàn án mọ́ ọ̀pá irin. Òun ni Alága fi ṣe àwòrán ìyá tó bí i lọ́mọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà.

Òun mú orí. Ó ní olórí ló ni orí. Nígbà tí Adójútòfò rán an létí pé eyín wà lára orí, ó ronú díẹ̀, ó ní eyín kì í ṣe orí, ẹnu ló ni eyín, ẹnu sì ni ilẹ̀kùn ikùn, kí Adójútòfò kó o mọ́ inú. Adójútòfò gba àyà, ó gba inú, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn tó bá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó pààlà kò kan òun. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí ló kù tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀? Àǹtí Onírin mú ẹsẹ̀ méjèèjì, láti itan lọ sísàlẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó ń jókòó ṣiṣẹ́ kò lè lo ẹsẹ̀ púpọ̀, kò rántí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ máṣìnì. Ọkọ mi kó ohun tó kù, ẹ̀yìn àti ọwọ́.

Orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí kò sí lára ère, ẹnu ni wọ́n fi pín wọn; ní ti ara tó kù, ibi tí ère parí sí ni ìpín parí sí. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé ìbàdí kò sí lára ère. Ọ̀pá irin ló wà níbẹ̀.

Màmá ń wọ òwú sójú abẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà yìí. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má gbàgbé ìdodo.”

Wọ́n jíròrò lórí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n kó ìdodo fún Adójútòfò.

Bí nǹkan ṣe wà nìyí títí Màmá fi yọ̀ lórí ọṣẹ.

Èmi àti ọkọ mi la gbé e dé ọsibítù. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n kun ìdajì rẹ̀ lọ́dà tí wọ́n fi ìdajì tó kù fún ọwọ́ èrò láti kùn. Dókítà tó jáde sí wa, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, na fọ́tò eegun náà sí iná. Ó ní ibi tí itan ti wọnú ìbàdí ló ṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kíákíá, yóò rìn. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, orí ibùsùn ni Màmá yóò ti máa kí àlejò títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Màmá ní, “Dókítà, ṣé ẹsẹ̀ mi á lè tẹ máṣìnì?”

“Á tẹ̀ ẹ́, Màmá, bí ẹ bá tètè wọlé.”

“Ibo ni wọ́n ń gbà wọlé?”

Dókítà wo ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí fèrèsé ìsanwó wà.

Obìnrin tó wà ní fèrèsé náà ní ojú ẹni tí wọ́n ti ń parọ́ fún láti àárọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá gbọọrọ kan tí àwọn akọ̀wé kún fọ́fọ́, oníkálukú gbé fóònù sétí, wọ́n ń bẹ̀, wọ́n ń halẹ̀.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni gbogbo wọn ń ṣe?”

“Wọ́n ń wádìí ẹni tó máa sanwó.”

“Ta ló wá ń gba owó ọ̀hún?”

“Èmi nìkan.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì méjì péré ló ń sáré láàárín gbogbo aláìsàn ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta. Obìnrin náà na kálàmù sí mi. “Orúkọ kan ni mo fẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó máa buwọ́lùwé pé òun ló ń san. Ó tán.”

“Ọmọ mẹ́rin ló bí, mà.”

“Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú wọn.”

Bí ẹni ń wá eyín adìẹ ni. Nígbà tí gbogbo wọn pé, tí wọ́n kí Màmá tán, tí wọ́n bá a dárò, Alága mí kanlẹ̀, ó ní, “Ìbàdí. Ta ló ni ìbàdí?”

Àǹtí Onírin ní, “Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti itan. Ìbàdí ti wà lókè itan kí wọ́n tó bí mi.”

Adójútòfò ní, “Ìṣubú kì í ṣe àìsàn. Jàǹbá ni. Kódà kó jẹ́ pé ìfun ló ṣubú, jàǹbá kò sí nínú àdéhùn mi.”

Ọkọ mi ní, “Tèmi parí síbi ìgbànú, ṣùgbọ́n màá san èyí tí agbára mi bá ká.” Mo mọ ohun tó wà lápò rẹ̀, kò lè ra ìṣó kan ṣoṣo nínú irin tí wọ́n máa fi de eegun náà.

Alága gbọ́wọ́ sókè. “Àbúrò, má ba ètò jẹ́. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í san ohun tí kì í ṣe tìrẹ, lọ́la wọ́n á ní kí gbogbo wa máa san án.” Ó yíjú sí mi. “Ìyàwó, lọ bá wa gbé ère yẹn wá. Ibẹ̀ la ti pààlà, ibẹ̀ la ó ti yanjú rẹ̀.”

Mo lọ gbé e. Ẹni tó bá pàdé mi lójú títì á rò pé mo jí òkú gbé, tí orí sì ti já sọ́nà. Mo gbé e ka àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, tòun ti ọ̀pá irin rẹ̀. N kò tíì nu òógùn tán tí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà fi sáré kọjá, ó ń pín nọ́ńbà ìlà fún àwọn aláìsàn. Kò gbójú sókè. Ó so ọ̀kan mọ́ ère lọ́rùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

A wo ara wa. Ère ti gba nọ́ńbà, Màmá kò tíì gbà.

Màmá ní, “Ó tọ́ sí i. Òun kò bímọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó dójú ti ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú. Dípò bẹ́ẹ̀, àpérò bẹ̀rẹ̀. Adójútòfò ló kọ́kọ́ dìde, ó fa táì rẹ̀ bọ̀ sípò.

“Àṣìṣe wa ni pé a pín in. Kí oníkálukú ra káàdì tó bá wù ú, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó bá wù ú. Òmìnira nìyẹn. Ti wúrà wà, ti fàdákà wà, ti idẹ wà.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni ti idẹ ń ṣe fún èèyàn?”

“Ti idẹ, bí o bá ṣàìsàn, a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí ọ.”

“Èwo lẹ rà fún Màmá nínú wọn?”

“Ilé iṣẹ́ wa kì í tà á fún ẹni tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀.” Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí. “Wọ́n máa ń ṣàìsàn.”

Àǹtí Onírin pòṣé. Ó ní ohun tó ń mú ọjà wálẹ̀ kò ju kí àwọn tó ń tà á máa bá ara wọn figagbága. Ó ti gbé fóònù sétí. “Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ọsibítù nìyẹn? Èló lẹ ń ṣe ìbàdí? … Rárá, ẹ̀gbẹ́ kan ni. … Háà, ó ti wọ́n jù. Tí mo bá gbé méjèèjì wá ńkọ́?”

Màmá ní, “Ọmọ mi, èkejì kò tíì ṣẹ́.”

Ó pe òmíràn. Àwọn yẹn dá iye tó wálẹ̀ dáadáa, àṣé oògùn akunilóorun kò sí nínú rẹ̀. Òmíràn ní kò sí ẹni tó lè dá iye lé ohun tí kò rí, kí ó gbé aláìsàn wá. Mo wo ìyá tó dùbúlẹ̀ tí eegun rẹ̀ ti lọ́, mo ń rò ó bí a ó ṣe máa gbé e láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹni tó ń ra irin lè rìn kúrò kó tún padà wá. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ rìn kúrò?

Alága ní kí gbogbo wa fara balẹ̀. Ó ní ohun tó bá ti wà nílẹ̀, a kì í wó o, àtúnṣe la máa ń ṣe sí i. Kí wọ́n fi dandan lé e pé gbogbo ẹ̀yà ara gbọ́dọ̀ ní olówó tirẹ̀. Kí ìdílé dá díẹ̀ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ìpín rẹ̀. Kí wọ́n wá pa ààlà karùn-ún fún ìbàdí. “Mo dábàá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta,” ó ní, “kí ó jábọ̀ láìpẹ́.”

Kí n má purọ́, tirẹ̀ sàn ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ó kéré tán, ó rántí ẹni tí kò ní. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ya tí wọ́n lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àlẹ̀mọ́ ni yóò tún ti ya. Bí wọ́n bá pa ààlà karùn-ún, Màmá á lọ ṣẹ́ láàárín ìkarùn-ún àti ìkẹrin.

Ìyàwó ilé ni mí lóòótọ́, wọn kò fi àgádágodo tì mí lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń gbé mi wọlé. Mo ní, “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ dá àpò kan.”

“Irú àpò wo?”

“Ẹyọ kan. Kí oníkálukú máa fi sí i bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe gùn tó, nígbà tí ara Màmá ṣì le, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ṣubú tán. Kí àpò yẹn máa san ohunkóhun tó bá ṣe é, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Dókítà tó bá wù ú ni kó lọ bá. N kò ní kí àpò kọ́ ọsibítù, n kò ní kó di dókítà. Owó sísan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí fèrèsé yẹn bá béèrè pé ta ló ń san, ‘àpò’ la ó wí, a ó sì wọlé. Àwọn akọ̀wé tó wà lẹ́yìn yẹn á lè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.”

Obìnrin ojú fèrèsé ní, “Ẹ ka èmi náà mọ́ wọn.”

Adójútòfò rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ìyàwó, wọ́n ti ń ṣe é láwọn ibì kan láyé. Lọ wò wọ́n. Orúnkún á máa dun èèyàn, wọ́n á ní kó lọ tò sẹ́yìn àwọn tó ti ń tò. Owó orí wọn ń wọ eegun. Tí ẹni tó di àpò mú bá wá jẹ́ olè ńkọ́? Àpò kan, olè kan, gbogbo wa ti wọ gbèsè.”

Òótọ́ kì í di irọ́ torí ẹnu tó ti jáde. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣahun sí àpò, èèyàn á tò títí. Olè náà sì lè dì í mú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àpò kan, gbogbo wa la jọ máa ṣọ́ ọ, a sì mọ ilé ẹni tó dì í mú. Àpò mẹ́rin nínú ìyẹ̀wù mẹ́rin, ta ló ń ṣọ́ ìyẹn? Ẹ sì dákun, ẹ wẹ̀yìn. Ìyá yín ń tò báyìí. Ère ló wà níwájú rẹ̀.”

Alága ní, “Ìyàwó yìí ti ń ṣòṣèlú.”

Bí ìjà ṣe tún bẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àǹtí ní èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá owó. Adójútòfò ní kí wọ́n wọn ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti fa téèpù yọ nínú àpò ìránṣọ Màmá tí mo gbé pọ̀ mọ́ ère wá, ó fẹ́ wọn ère, ọ̀pá irin ló ń wọ̀n. Ọkọ mi ń bẹ̀ wọ́n. Màmá fọwọ́ pè mí.

“Ìyàwó mi, fún mi lómi tó wà nínú ike yẹn.”

“Màmá, dókítà ní ẹ kò gbọ́dọ̀ mu nǹkan kan.”

“Mi ò ní mu ún.”

Mo gbé e fún un. Ó ti etí ìró rẹ̀ bọ inú omi náà, ó na ọwọ́ sí ère tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ó ń gbin bó ṣe ń na ọwọ́, torí ìbàdí rẹ̀ ń ta á, kò sì dáwọ́ dúró. Ó fà á bí ó ṣe máa ń nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára aṣọ tó ti parí: láti ọrùn wá sísàlẹ̀, láìkánjú. Ààlà Alága lọ. Ààlà Adójútòfò lọ, tòun ti ìdodo. Mo di ọ̀pá ère náà mú fún un kó má baà yí.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Àwọn yòókù wo ibi tó ń wò, téèpù sì bọ́ lọ́wọ́ Adójútòfò.

Màmá ní, “Tá a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ti nù ún. Ó yá, ta ló ni mí?”

Obìnrin ojú fèrèsé ti yọ orí síta. Ó ní, “Bí kò bá sí ẹni tó yọjú, orúkọ àkọ́bí là ń kọ. Ta ni àkọ́bí níbẹ̀?”

Ìka mẹ́ta ló nà sí Alága lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ yẹn fohùn ṣọ̀kan nìyẹn.

Alága ní, “Gbogbo rẹ̀?”

“Láti orí dé ẹsẹ̀,” obìnrin náà wí.

Màmá ní, “Àti ìdodo.”

Ẹ bá mi wo bí èèyàn ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀ lójijì. Alága ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rò ó lọ́kàn ara òun pé àpò kan ló yẹ ìdílé yìí. Ó wo Adójútòfò bó ṣe ń sọ ọ́, Adójútòfò sì mọ̀ pé bí Alága bá sá, òun ló tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí, lòun náà bá ní àbá náà kò burú. Àǹtí mọ ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn. Ẹ̀rù ló kó wọn jọ, kì í ṣe ìfẹ́. N kò bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ ohun rere láyé, bí a bá tú ìdí rẹ̀ wò, ẹ̀rù la máa bá níbẹ̀.

Àǹtí tún wonkoko mọ́ owó rẹ̀. “Ṣùgbọ́n kí ló dé tí èmi á fi máa san ju ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe?”

“Torí pé o ní jù ú lọ,” Màmá wí. “Nígbà tí ikọ́ fẹ́ pa ọ́ lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì lọ sílé ìwé láìwọ bàtà kí n lè ra oògùn rẹ. Wọn kò béèrè pé ta ló ni ikọ́.”

Àǹtí wo bàtà ara rẹ̀.

Ó ku ẹni tó máa di àpò mú. Mo rò pé Màmá á pe ọkọ mi, torí òun ni olóòótọ́ inú wọn. Ó pe Adójútòfò. Ó ní, “Ìwọ ni. O mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sá fún owó sísan; bí àpò bá wà lọ́wọ́ rẹ, o ò ní ríbi fi wọ́n sá. Gbogbo ohun tó bá sì jáde nínú rẹ̀, kó máa hàn lórí fóònù àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀.”

Adójútòfò gba kálàmù. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń ta adójútòfò, kò buwọ́ lu ohun tí kò ní àyàfi nínú rí. Ó sún mọ́ fèrèsé bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó yí ìwé náà sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí àwọn lẹ́tà wínníwínní máa ń wà.

“Kò sí níbẹ̀,” obìnrin náà wí. “Buwọ́lù ú.”

Ó buwọ́lù ú. Wọ́n ti Màmá wọlé.

Ẹsẹ̀ Màmá ti ń tẹ máṣìnì báyìí. Ọ̀pá irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, a sì ń gbọ́ ọ kó tó yọ. Àpò náà sì ti di ti gbogbo ilé, kì í ṣe ti Màmá nìkan mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn èèyàn mi ti di áńgẹ́lì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Adójútòfò wá bá Màmá ní yàrá ìránṣọ, níwájú gbogbo wa, ó ní àpò ti ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ra, òun sì ti rí àtúntò kékeré kan. Kí wọ́n yọ eyín kúrò nínú rẹ̀. Eyín péré ni. Ó ti mú ṣọ́ọ̀kì lórí tábìlì, ó ń lọ sídìí ère.

Màmá dìde kúrò nídìí máṣìnì. Ó rìn sọdá yàrá náà, kó, kó, kó; ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́, torí ojú tó fi wò wá kò gba ìrànwọ́. Ó gba ṣọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

“Aṣọ ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì pín,” ó ní. “Eyín ọ̀tún yìí sì ń dùn mí láti ìjẹta.”

“Ta ló ni…” Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ Adójútòfò lẹ́nu.

“Àpò,” Alága wí, kíá, kí ojú má baà tún yí sí àkọ́bí.

Adójútòfò yọ fóònù jáde, ó pe oníṣègùn eyín, ó ń béèrè èló pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ sunkún. Àǹtí Onírin gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Gbé e wá, o ò mọ bí wọ́n ṣe ń nájà. Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ má dá iye eyín kan fún mi. Eyín gbogbo ilé wa ni mo ń sọ, tọmọdé tàgbà, àpò kan náà ló ń san án. … Ẹn-ẹn. Ẹ ti ń gbọ́ èdè báyìí. Ẹ ṣì máa wálẹ̀ sí i.”

Màmá ti padà sídìí máṣìnì. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a kò sì gbọ́ ohun tí dókítà eyín fi dáhùn mọ́.